Láti Onígbòǹgbò sí Ààfin: Ibi Tí Ẹni Tó Fẹ́ràn Ẹṣin Lè Lọ Kó sì Padà Sílé Lọ́jọ́ Kan Náà

Ọmọ tí wọ́n bí sí Onígbòǹgbò tètè ń mọ ohùn ọkọ̀ òfurufú yàtọ̀ sí ohùn jẹnẹrétọ̀. Láti Maryland wọ Ìkẹjà, títí dé Agége, ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ ló kún ilẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pé ọdún mẹ́wàá láìfojú kan ẹṣin rí, àfi nínú fóònù, tàbí èyí tí wọ́n ń fà kiri létí òkun láti fi gbowó lọ́wọ́ àwọn tó wá gbafẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí òbí àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sálásí bi ara wọn ni pé, ààfin wo la lè kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n rí ẹṣin tòótọ́, kí wọ́n rí ọba, kí wọ́n gbọ́ ìtàn, ká sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ìdáhùn wa ni Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi Ojúde Ọba. Àmọ́ ó yẹ ká ṣàlàyé bí a ṣe dé ibẹ̀, nítorí àṣìṣe kan wà tó ń ná àwọn èèyàn lówó: wọ́n á kọ́kọ́ yan ààfin, wọ́n á gba bọ́ọ̀sì, wọ́n á mú ọjọ́ tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á wá débẹ̀ bá ògiri, àga àti àwòrán àwọn ọba tó ti wàjà. Kò sí ẹṣin kankan. Ẹni tí ẹṣin bá ń wù, ọjọ́ ni kó kọ́kọ́ yàn, kó tó wá béèrè pé ààfin wo ló ní ẹṣin lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí ẹṣin kì í fi í gbé àgbàlá ọba wa lójoojúmọ́

Ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ igbó. Láti Òkè Ọya ni àwọn baba wa ti ń rà á, lọ́wọ́ Tápà, Ìbàrìbá àti Haúsá. Nínú igbó gúúsù, eṣinṣin kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń gbé àìsàn láti ara ẹran kan sí òmíràn. Ẹṣin tí àìsàn náà bá mú á máa rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ, títí tí yóò fi kú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹṣin ní Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá láyé àtijọ́, ó ní owó tó fi rà á, ó ní owó tó fi ń bọ́ ọ, ó sì ní owó tí yóò fi ra òmíràn tí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ọba, balógun àti olówó ló kù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹṣin tí wọ́n fi wúrà àti aṣọ olówó iyebíye dá lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìjẹ̀bú lónìí, ibẹ̀ ni iyì yẹn ti wá. Ohun tó ṣòroó ní, òun lèèyàn fi ń ṣe fáàrí.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀yọ́ Ilé wà lókè níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n, ibẹ̀ ni àwọn Aláàfin ti lè ní ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Ẹṣin ni wọ́n gùn lọ bá Dahomey jà ní ọdún 1726. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, Òṣogbo ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá wọn dúró. Ẹsẹ̀ ẹṣin kò tún fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ láti ibẹ̀ wọ inú igbó.

Àwọn ààfin tí a yẹ̀ wò

A kọ́kọ́ wo Ọ̀yọ́. Ìtàn ẹṣin tó wà níbẹ̀ ju ti ibikíbi lọ nílẹ̀ Yorùbá. Aláàfin Àtìbà ló tẹ ìlú tòní dó ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, ó sì kó oyè àtijọ́ wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Oyè Olókùn-ẹṣin wà lára wọn, ìyẹn ẹni tí ẹṣin ọba wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, tí àṣà sì ní kó bá ọba lọ bí ọba bá wàjà. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 1944, ìjọba òyìnbó kò jẹ́ kí àṣà náà ṣẹ. Orí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Wàjà kà, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman. Ọmọ ilé ìwé gíga tó ń ka eré yìí yóò jèrè bó bá dé ààfin náà, tó rí àwọn kọ̀bì rẹ̀ àti ọjà Akẹ̀sán nítòsí, èyí tí iná jó ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ní òun fẹ́ rí ẹṣin kò ní í gba ìtàn dípò ẹṣin. Ọ̀yọ́ tún fi nǹkan bíi 50 kìlómítà kọjá Ìbàdàn. Ẹni tó bá kúrò ní Onígbòǹgbò láàárọ̀, tó sì fẹ́ padà lálẹ́, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀.

Ìlọrin ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹṣin nìkan là ń wá, Ìlọrin ni ìbá gbégbá orókè. Ìlú tí wọ́n fi ẹṣin dá sílẹ̀ ni. Ìwọ́de ẹlẹ́ṣin tó máa ń wáyé níwájú ààfin Ẹ́míà nígbà Iléyá kò kéré rárá: ìlù, kàkàkí, ìdílé lẹ́yìn ìdílé, tí wọ́n á tẹ̀ lé ara wọn wá júbà. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 300 kìlómítà ni Ìlọrin sí Èkó, àwọn ọjọ́ Iléyá tí Ìjẹ̀bú ń ṣe tiwọn náà ni ìwọ́de yẹn máa ń bọ́ sí, nítorí náà ẹ kò lè rí méjèèjì. Òótọ́ ni pé Onígbòǹgbò kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, tí ọkọ̀ òfurufú kì í sì í lò tó wákàtí kan dé Ìlọrin. Olówó lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọ ogójì kò ní í dán an wò. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé bí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní Ìlọrin, ẹ lọ ṣe gbogbo Iléyá lọ́dọ̀ wọn lọ́dún kan, kí ẹ sun ibẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta. Ìyẹn kúrò ní ìrìn ọjọ́ kan.

Abẹ́òkúta wà nítòsí, àwọn ará Agége tilẹ̀ lè wọ rélùwéè tó ń lọ Ìbàdàn, tó ń dúró ní Agége àti Abẹ́òkúta, láìrí gósílóò. Ààfin Aké àti Olúmọ dára fún ìtàn Ẹ̀gbá. A kò kà á mọ́ ibi tí à ń lọ torí ẹṣin.

Kánò jìnnà ju gbogbo wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ UNESCO fi ìwọ́de ẹṣin rẹ̀ sínú àkójọ àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Nikki tó wà lókè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà jìnnà. Níbẹ̀, àwọn Ìbàrìbá ń fi ẹṣin ṣe ọdún Gaani níwájú ọba wọn ní àsìkò Máólúdì. A dárúkọ méjèèjì kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó wà ní Ìjẹ̀bú kì í ṣe òun nìkan.

Ojúde Ọba

Ìjẹ̀bú-Òde kò ju nǹkan bíi 100 kìlómítà lọ sí Onígbòǹgbò. Èyí nìkan ti tó láti fi í ṣíwájú. Àmọ́ ìdí kan tún wà tó fi kan àwọn òǹkàwé wa jù: àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà ayé Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Afìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀, tó jọba ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Ìjẹ̀bú-Òde rí ààyè láti máa kírun ní gbangba, ọba kò sì dí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun Iléyá, tí wọ́n ti pa ẹran, wọ́n á kó ara wọn jọ lọ sí ojúde ọba láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn gbé ìtàn náà ka orí Balógun Kúkù, jagunjagun àti oníṣòwò ńlá tó gba Ìsìláàmù. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò lè bá wọn lọ́wọ́ nínú ọdún Ọdẹdá tí àwọn onísẹ̀ṣe ń ṣe mọ́, ó sì wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi máa wá júbà fún ọba pẹ̀lú ẹṣin àti ìlù láìṣe ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Lójú tiwa, ìtàn méjèèjì kò tako ara wọn. Ìkíni la fi bẹ̀rẹ̀, ẹṣin sì bá a débẹ̀ nígbà tí àwọn balógun wọ̀ ọ́. Títí dòní, àdúrà tí àwọn Imáámù máa ń ṣe ló ń ṣíwájú ètò náà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti onísẹ̀ṣe Ìjẹ̀bú sì ti di ara rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960, tó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, ló sọ àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ di alágbára padà. Àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn sún mọ́ra ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, bíi Gbọ́baníyì, wọ́n sì ń ran aṣọ kan náà. Wọn a jó lọ síwájú ọba, wọn a kúnlẹ̀, wọn a dìde fún ẹgbẹ́ tó kàn. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ yìí tàn yín lọ sílé. Ọ̀pọ̀ àlejò Èkó máa ń ya àwòrán rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tán, oòrùn á mú wọn, wọ́n á ní ó ti tó, láìmọ̀ pé àwọn ẹlẹ́ṣin ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ìdílé balógun ló ń gun ẹṣin: ìdílé Kúkù, Aláùsá, Tówóbọ́lá àti àwọn mìíràn, títí kan ìdílé Ẹlẹ́ṣin Ògúnnáìkè. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á wọlé pẹ̀lú onílù, àwọn tó ń ki oríkì baba ńlá wọn, àti àwọn tó ń yin ìbọn ṣakabùlà. Ẹṣin á máa jó, á máa gbẹ́sẹ̀ sókè sódò, ẹni tó gùn ún á jókòó ṣinṣin bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin ń gùn ún, ọmọdé náà ń gùn ún. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká ayé, láti ìgbà náà sì ni èrò ti ń pọ̀ sí i. Ọmọ tí ẹ kó lọ yóò rí ẹṣin púpọ̀ ní ìjókòó kan ju èyí tí yóò rí ní gbogbo Èkó lọ.

Ohun kan wà tí a ó sọ láìfepo bọyọ̀. Àwọn Mùsùlùmí kan kì í lọ síbẹ̀. Wọ́n ní orin, ijó àti fáàrí ti pọ̀ ju ọpẹ́ lọ, pé ilé iṣẹ́ ọtí pàápàá wà lára àwọn tó ń ṣe onígbọ̀wọ́. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe irọ́. A kò rí i bí ohun tó yẹ kó dí ìdílé lọ́wọ́ láti rí ẹṣin àti láti mọ ìtàn ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó mú àwọn ọmọ jókòó sí.

Ọjọ́ àti ọ̀nà

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ ìkírun gan-an ni wọ́n kà mọ́ ọjọ́ kìíní. Ní ọdún 2023 ó bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ní 2024 ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ní 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún wá síwájú lọ́dọọdún, bí oṣù ojú ọ̀run ti ń ṣe. Ẹ má san owó ọkọ̀ tí a kò lè gbà padà kí wọ́n tó kéde oṣù. Ẹ sì dúró de ìkéde àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ọdún ló ń wáyé. Àrùn Kòrónà dá a dúró ní ọdún 2020.

Àsìkò òjò ló ń bọ́ sí ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Bàtà tó lè wọ ẹrọ̀fọ̀ sàn ju bàtà tuntun tí a rà fún Iléyá lọ. Aṣọ òjò dára ju agbòjò lọ: agbòjò tó bá ṣí lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin lè mú un ta.

Láti Onígbòǹgbò, ẹ gba Maryland bọ́ sí ojú títì Ìkòròdú, ẹ gba Ọ̀jọ́ta lọ sí Berger, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn Berger ni Kara, ọjà ẹran létí odò Ògùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, àgbò àti ọkọ̀ tó ń kó àgbò lè dì ọ̀nà náà pa, ṣùgbọ́n títí ọjọ́ kẹta, àgbò ti wọ ìkòkò, ọ̀nà sì ti ń fúyẹ́. Ẹ ó kọjá Ìbàfò àti Mowé, ẹ ó dé oríta Ṣágámù, ẹ ó yà sí apá ọ̀tún gba ọ̀nà tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Bìní. Ẹ má kọjá oríta yẹn, ẹ ó bá ara yín ní Ìbàdàn ni. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní Ọ̀jọ́ta tàbí Berger, àmọ́ fún èèyàn mẹ́wàá sókè, ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan ní àlọ àtàbọ̀, kí ẹ san díẹ̀ kí ẹ sì mú èyí tó kù dání títí ẹ ó fi padà délé. Dírẹ́bà tó ti gba gbogbo owó rẹ̀ lè rí èrò mìíràn kó nígbà tí ẹ wà nídìí ẹṣin.

Ẹ gbéra bí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán. Wọ́n máa ń dí àwọn ọ̀nà tó yí ààfin ká, ẹni tó bá pẹ́ yóò fẹsẹ̀ rìn púpọ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ ṣètò ìrun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹni tó bá rin ìrìn àjò tó tó nǹkan bíi 80 kìlómítà lè ṣe àdínkù ìrun, kó sì pa Àyìlá pọ̀ mọ́ Alááṣárì. Ẹ bi Imáámù yín kí ẹ tó lọ, kó má di àríyànjiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹta tún lè bọ́ sí Jímọ̀, bíi ti ọdún 2023. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá mọ́sálásí tí ẹ ó ti kí Jímọ̀ ní òwúrọ̀ kí èrò tó kún. Bó bá sì jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ rántí pé èrò ibùdó ìjọ Redeemed máa ń dí ọ̀nà márosẹ̀ náà láti ọ̀sán dé òru. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ti kọjá Ṣágámù padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ẹṣin tó tọ́ kí a fi òru rìn lójú ọ̀nà yẹn nítorí rẹ̀.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ẹṣin

Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà wà nínú ewu, ibí yìí ni a sì fẹ́ kí òbí fara balẹ̀ kà.

Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó ń rí fẹ̀ẹ́ káàkiri, àfi ibi méjì: iwájú imú rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i lójijì, ẹsẹ̀ ni yóò fi dá a lóhùn, ìtapá ẹṣin sì lè fọ́ egungun àgbàlagbà, ká má tíì sọ ti ọmọdé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ nílé kí ẹ tó lọ pé a kì í gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá nítòsí, a kì í sáré sún mọ́ ọn, a kì í kígbe sí i létí. Bí olùtọ́jú rẹ̀ bá gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kí ẹ gbà wá, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó lè mọ ibi tí ẹ wà. Etí rẹ̀ yóò sọ ohun tó ń rò: bó bá ná an síwájú, ó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bó bá pa á mọ́ra sẹ́yìn, inú ń bí i, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbà láyè láti fún un ní kárọ́ọ̀tì, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, kó má fi ìka mú un.

Ìbọn ṣakabùlà ni ìṣòro kejì. Ẹ̀tù ni wọ́n ń yìn, kì í ṣe ọta, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ le fún etí ìkókó, ó sì lè dẹ́rù ba ẹṣin tí kò tíì mọ́ lára. Ẹ jókòó síbi tí irin tàbí àga wà láàárín yín àti ọ̀nà àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó fẹ́ ya àwòrán tó dára jù ló máa ń bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ fi sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ lè sọnù nínú èrò bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹṣin náà ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn wa. Sūratun-Naḥl ka ẹṣin mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun dá fún gígùn àti fún ọ̀ṣọ́, odindi sūrah kan, Al-‘Ādiyāt, sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin tó ń sáré. Ó máa ń ká wa lára bí a bá rí ẹran tí wọ́n fi wúrà bò lóde tí ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nítorí ìjánu tó mú. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹṣin ń lò ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ẹni tó gùn ún pẹ̀lú gàárì, má kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin náà. Ẹṣin tó bá wọn 300 kìlógíráàmù, 60 kìlógíráàmù ni tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo àgbàlagbà alágbádá tó jókòó sórí ẹṣin kékeré, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀. Ẹṣin a máa mu tó lítà 25 sí 50 omi lójúmọ́, ó sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ń làágùn nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí ìhà rẹ̀ ń lù kìkì lẹ́yìn tó ti dúró pẹ́, tí ìfófòó bo ọrùn rẹ̀, tàbí tí egbò wà lábẹ́ gàárì rẹ̀, ẹ má sanwó kí ọmọ yín gùn ún. Ẹ pe olùtọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé omi ń gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ lé ẹṣin wá láti Òkè Ọya, tí òun náà kò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Oúnjẹ Iléyá tí ẹ dì dání wúlò níbẹ̀.

Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ náà

Ìjẹ̀bú-Òde dára ní ọjọ́ mìíràn náà, àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ pé kò ní í sí ẹṣin. Ẹ lè fi Òkè-Ẹri kún un, níbi tí wọ́n ní sàréè Bilikisu Súngbọ́ wà, àti Ẹrẹ́do, yàrà ńlá àtijọ́ tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn ará ibẹ̀ so Súngbọ́ pọ̀ mọ́ ọbabìnrin Sàbáà inú Al-Qur’ān. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní yàrà náà kò dàgbà tó ìgbà Ànábì Sulaimọ́n. Yàrà náà ṣì jẹ́ ohun ìyanu, ẹnikẹ́ni tó bá gbé e.

Fún ẹni tó jẹ́ pé ẹṣin nìkan ló ń wá, tí kò sì lè dúró de Iléyá, Èkó gan-an ní ibì kan. Lagos Polo Club wà ní Ìkòyí láti ọdún 1904, ìdíje ńlá rẹ̀ sì máa ń wáyé láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì. Ẹ gba afárá Third Mainland láti Maryland. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí oríkì, ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin rẹ̀ sanra, wọ́n ń sáré bí afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn láàárín eré kí wọ́n lè sinmi. Ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.